Àwọn Kátúùnù Mi àti Ọmọ Tí Wọ́n Ní Mo Bí

Mo fẹ́ràn kátúùnù àwọn ará Japáànù ju bí ó ṣe yẹ kí obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún jẹ́wọ́ ní gbangba. Kì í ṣe èyí tí ẹranko ti ń kọrin tó sì ń jó o. Ti àwọn àgbàlagbà ni mò ń wí, èyí tí ayé ti bàjẹ́ kanlẹ̀ nínú rẹ̀: ẹ̀rọ ló ń dájọ́, ìjọba ló ń yan ẹni tí èèyàn yóò fẹ́, òjò kò sì gbọdọ̀ rọ̀ àfi tí ọ̀gá kan bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí fáìlì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Garki ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé òjò tó ń dúró de fáìlì kì í ṣe ohun àjèjì sí mi.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti ìlú kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ìjọba wá fi mítà kọ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn, wọ́n ń ta èémí fún wọn. Àwọn tó fọwọ́ ara wọn kọ́ ìlú náà ń gbé lẹ́yìn odi. Láàárọ̀ ni wọ́n ń wọlé wá ṣiṣẹ́, bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tì wọ́n síta. Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Kuje wá sí Garki láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò nílò olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé ìyẹn fún un. Obìnrin kan tó ń tún mítà ṣe ni olórí eré náà, kò sì rẹ́rìn-ín rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá ti jágbe mọ́ mi níbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ ni mo máa ń gbé wọ̀.

Ọjà Utako ni mo ti ń rà wọ́n, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí a bá ti ṣíwọ́. Àkókò náà ni díìsìkì ṣì ń tà, kí gbogbo ayé tó máa wo nǹkan lórí fóònù. Ọkùnrin Haúsá kan ló ń tà á fún mi, èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá ti fọwọ́ yà, ti ọmọdé ni. Inú agbọ̀n àwọn ọmọdé ló ń kó àwọn eré mi sí, èyí tí wọ́n ti ń bẹ́ orí èèyàn á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ABD. Bó bá ti rí mi, á ní, "Madam, sànnu! New cartoon don come." Màá ní, "Yauwa." Lẹ́yìn náà ni á bu súìtì díẹ̀ sínú ọ̀rá mi, á ní, "For your pikin." Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ fún un pé mi ò tíì lọ́mọ. Ó káàánú mi, ó gbàdúrà fún mi, ó sì tún bu súìtì lé e. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ṣàlàyé mọ́. Mi ò kì í jẹ súìtì, nítorí náà mo ń dà wọ́n sínú ìgò kan lórí pẹpẹ tí mo to àwọn díìsìkì náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlangidi onírin kékeré kan tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ rà fún mi láti ìrìn àjò.

Ẹ fojú inú wo pẹpẹ náà dáadáa, nítorí òun ló fẹ́ ba ayé mi jẹ́.

Mo ti ní ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ nígbà náà. Ọmọ Okun ni, láti apá ìwọ̀-oòrùn Kogi, inú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Sùúrù rẹ̀ pọ̀, oorun rẹ̀ sì pọ̀ ju sùúrù rẹ̀ lọ. Ó gbìyànjú láti bá mi wo àwọn eré mi nítorí ìfẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ orúkọ àwọn òṣèré tán, ó ti ń hanrun. Lójú oorun báyìí ló ṣe bá mi wo ìparun ayé lóríṣiríṣi. Mi ò bínú sí i. Àwọn ọkùnrin kan wà tí wọn kì í sùn, ohun tí wọ́n sì ń fi ojú wọn tó là ṣe burú ju oorun lọ.

Àwọn ẹbí méjèèjì ti fi ọjọ́ sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ilé bàbá mi ní Èkìtì ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, bàbá mi sì ti kun iwájú ilé ní ọ̀dà tuntun, ó ti sọ fún gbogbo àwọn àgbà ìjọ rẹ̀. Ìwádìí nìkan ló kù fún àwọn ẹbí ọkọ. Ní ìlú wa, ìwádìí kò le: wọ́n á rán ẹnì kan sí àdúgbò ọmọ náà, wọ́n á bi ará ilé, wọ́n á bi ará ọjà, kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti mọ ohun tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni èèyàn fẹ́ bi ní Àbújá? Aládùúgbò mi kò mọ orúkọ mi, èmi náà kò mọ tirẹ̀, "Good morning" la fi ń bá ara wa gbé. Ẹni tó bá fẹ́ wádìí èèyàn ní Àbújá, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi wò ó nínú ilé.

Ẹni tí wọ́n rán ni àbúrò bàbá àfẹ́sọ́nà mi, obìnrin. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń dá gbé ní Kuje. Gbogbo ẹbí ń pè é ní Màmá Kuje, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin yìí mú un wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan.

"Ọ̀kún o, ìyàwó wa," ló fi kí mi wọlé bí àwọn ará wọn ṣe ń kíni, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n fún òun lómi. Nígbà tó mumi tán, ó ní òun fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tó ti ibẹ̀ bọ̀, ó gba ọ̀dọ̀ pẹpẹ mi kọjá, ó sì dúró. Mo ti mọ̀ pé ìwádìí ni gbogbo rẹ̀, mo sì ti nu ilẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà títí tó fi ń dán, ó dùn mí pé kò pẹ́ níbẹ̀.

"Ta ló ni gbogbo èyí?" ó bi mí.

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ fúnra rẹ lò ń wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni."

Ó gbé ọmọlangidi onírin náà, ó wò ó níwá, ó wò ó lẹ́yìn. Ó wo ìgò náà. "Súìtì ńkọ́?"

"Ẹni tó ń ta díìsìkì ló máa ń fún mi, mà."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo sọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, èmi gan-an kò gbà á gbọ́. Màmá Kuje di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọlọ́run mọ ohun gbogbo, ọmọ mi. Má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni." Mo rò pé àdúrà ni, mo ṣe àmín tó rinlẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jó díẹ̀ ní ilé ìdáná, mo ń kí ara mi kú oríire pé mo yege.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin yìí pè mí jẹun ọ̀sán níbì kan ní Area 1. Ó ń fi ṣíbí ti ìrẹsì rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan kan tó yẹ kí o sọ fún mi?"

Mo ní, "Ó dáa, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ọjọ́ ìbí rẹ, mo rà á ni."

"Kì í ṣe ìyẹn." Ó ronú díẹ̀ nípa ẹ̀gúsí náà. "Wọ́n ní o ti bímọ."

"Ta ló bímọ?"

"Ìwọ. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ ní Èkìtì, pé ó máa ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi yíjú wò wá. Òun kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín ṣe gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ó wá ṣàlàyé: Màmá Kuje ti jíṣẹ́ ohun tó rí. Obìnrin tó ń dá gbé, tí kò lọ́mọ, tí kátúùnù kún ilé rẹ̀, tó ní ọmọlangidi, tó ní ìgò súìtì, tó tún ní òun lòun ń wò ó. Bàbá ọmọkùnrin náà ti ní kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró ná títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú.

"Ìwọ ńkọ́?" ni mo bi í. "Ìwọ tó máa ń jókòó tì mí?"

Ó kọ́kọ́ mumi. Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ mumi kó tó dáhùn. Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé ìwọ lò ń wò ó. Wọ́n wá bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀ tí àgbàlagbà fi ń wò ó. Mi ò mọ̀. Mo máa ń sùn."

Inú bí mi. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní láyé, ó sùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tún wá fi ẹ̀yinjú àánú wò mí, ó ní bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé mo bímọ, òun ṣì máa fẹ́ mi. Inú túbọ̀ bí mi. Mo dìde, mo fi ìrẹsì mi sílẹ̀, ohun tí mi ò ṣe rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìbínú náà lọ, ẹ̀rù ló kù. Bí wọ́n bá sún ọjọ́ náà síwájú, bàbá mi yóò béèrè ìdí rẹ̀. Bàbá mi kì í pariwo. Yóò kàn fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Bí mo bá sì ní irọ́ ni, yóò ní òun gbọ́, n kò sì ní mọ̀ láé bóyá ó gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí. Ẹni tó bímọ lè gbé ọmọ jáde kí gbogbo ayé rí i. Kí ni ẹni tí kò bímọ fẹ́ gbé jáde?

Mo sun ẹkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohun tí màá gbé jáde sọ sí mi lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo kó gbogbo díìsìkì mi àti kọ̀ǹpútà mi sínú báàgì, mo ní kí ọmọkùnrin náà gbé mi lọ sí Kuje. Màmá Kuje yọ̀ mọ́ wa, ó ń wẹ̀yìn mi bí ẹni pé ó yẹ kí ẹnì kan tún tẹ̀ lé wa wọlé.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ohun tí ẹ ní ọmọ mi ń wò."

"Mi ò bá ọ jà, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà jẹ́ ká jọ wò ó."

Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, mo fi ti ìlú oníèémí sí i. Èdè Japáànù ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ń sáré ju awò ojú Màmá lọ, èmi ni mo wá di ògbufọ̀. Ọmọkùnrin náà jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Ẹ ti mọ ibi tó lọ.

"Kí ni wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn yẹn?" Màmá bi mí.

"Mítà ni, mà. Èémí ni wọ́n ń tà fún wọn."

"Bíi ti iná?"

"Bíi ti iná gan-an, mà."

Ó mi orí, kò tún bèèrè àlàyé. Nígbà tó yá, ó dé ibi tí mítà bàbá arúgbó kan ti tán láàárín títì, tó ṣubú, tí àwọn èèyàn ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń wo eré náà, n kì í fẹ́ kí bàbá yẹn kú. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń bẹ̀ ẹ́ lọ́kàn mi pé kó jọ̀ọ́, kó tètè kú kí Màmá rí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ń gbàdúrà kí fíìmù burú ju bó ṣe burú lọ.

"Ẹ gbé e!" Màmá pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ṣé kò sí ẹni tó lè yá a léèémí ni?"

Bàbá náà kú. Ẹ̀jẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fọ́ ògiri, wọ́n yin ìbọn lu àwọn ará ẹ̀yìn odi, mo sì ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ tí kò yẹ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú Màmá, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Ojú rẹ̀ ń fà ro. Mo sọ nínú ara mi pé mo ti tún dá kún un: yóò wá sọ fún wọn báyìí pé mo bímọ, pé irú nǹkan báyìí ni mo sì fi ń tọ́ ọ.

"Gbé òmíràn sí i," ó ní.

Mo fi òmíràn sí i, ti ìlú kan tí arúgbó gbọ́dọ̀ máa wá fojú hàn lọ́dọọdún kí ìjọba lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Wọ́n sọ fún ìyá kan níbẹ̀ pé ìwé ní ó ti kú. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Owó ìfẹ̀yìntì." Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́pàá eré náà gbé ìyá ọ̀hún láàyè, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sun òkú, nítorí ìwé kò lè purọ́. Ẹ̀rín tán.

"Òmíràn."

Èkẹta kò tíì pẹ́ rárá tó fi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ó tó." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"Kò sí ọmọ kankan tó ń wo èyí," ó ní.

"Kò sí, mà."

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìwé. Ọmọ tó bá wo èyí kò ní sùn. Kò sí ìyá tí yóò máa rà á wálé fún ọmọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ó mú fóònù, ó pe bàbá ọmọkùnrin náà níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ọmọ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wo gbogbo ìranù náà. Ẹ jẹ́ ká máa múra Èkìtì." Ó tẹ́tí díẹ̀. "Rárá, orí rẹ̀ pé." Ó wò mí. "Mo rò pé ó pé."

Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, nítorí pé ìkúnlẹ̀ kò tó fún ayọ̀ mi. Ọmọkùnrin náà jí, ó bèèrè bóyá ó ti parí. Mo ní ó ti parí, mo sì fẹ́ máa fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ lórí ìwádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì fà ro síbẹ̀. Mo rò pé ó ń tijú ni. Mo ní, "Ẹ má ronú sí i mọ́, mà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí pẹpẹ yẹn ló máa rò ó bẹ́ẹ̀."

"Wá," ó ní.

Ó mú mi lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Ibùsùn kékeré kan wà níbẹ̀, wọ́n ti ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé e. Aṣọ ìtẹ́dìí rẹ̀ jẹ́ olódòdó, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ní ṣọ́ọ̀bù ṣì hàn lára rẹ̀. Àga àti tábìlì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mi ò fi ọ̀rọ̀ rẹ bà ọ́ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn o," ó ní. "Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fẹ́ ọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bú ọ. Pé kí wọ́n kàn dúró títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi mú ọmọ náà jáde. Tọkọtaya tuntun nílò ìsinmi. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n gbà."

Òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ kò bímọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí èèyàn ṣe ń mọ nǹkan nípa ẹbí tó fẹ́ fẹ́ sí, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, n kò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Ó dùn mí gan-an. Mo wá sí Kuje láti gba ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu obìnrin yìí, ohun tó sì jáde lẹ́nu tèmi ni, "Ẹ má bínú, mà." Mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí nítorí pé n kò bímọ ní ìkọ̀kọ̀.

"Kò burú," ó ní. Ó tẹ́ etí aṣọ ìtẹ́dìí náà dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tó wọ́. "Ọmọ obìnrin ni mo ti fi sọ́kàn. Mo tiẹ̀ ti fún un lórúkọ."

Mo bi í pé orúkọ wo ni. Ó mi orí, ó ní òun ò ní sọ fún mi, pé ọmọ yẹn ló ni ín.